Oúnjẹ Ọjọ́ Kẹjọ: Ṣíṣe Ìkànnì tí Alásè Yóò Fi Máa Gba Iṣẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ìyàwó mi bí ọmọ wa obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi ti wá láti Ìbàdàn láti bá wa wẹ ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó ní kí a tètè wá alásè, nítorí pé ìkómọ kì í jìnnà. A mọ obìnrin kan tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé rẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a ṣe ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ní kí a lọ kọ ohun tí a fẹ́ síbẹ̀. Ìkànnì náà bèèrè iye ọjọ́ tí ó kù kí a tó fẹ́ oúnjẹ. Mo wo ojú ìyá mi. Ó ní, "Ìkómọ ọjọ́ kẹjọ ni. Kọ mẹ́jọ." Mo kọ 8, mo san owó, mo tẹ bọ́tìnì, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e pé. Àwọn àlejò dé. A fi omi, oyin, iyọ̀, obì àti ataare ṣe àdúrà fún ọmọ, a sì sọ ọ́ lórúkọ. Oúnjẹ kò dé. Nígbà tí mo pe alásè, ẹnu yà á. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀la ni?" Ìkànnì ti sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni. Ìrẹsì funfun àti ẹyin díndín ni a fi ṣe ogójì ènìyàn lálejò lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kúlà mẹ́ta dé sí ilé tí àgbàlagbà mẹ́ta péré wà.

Kò sí ẹni tí ó ṣe àìdáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ṣe ìkànnì kò mọ bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Èmi tí mo fi èdè Yorùbá gba oyè ọ̀mọ̀wé, mi ò rántí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka tirẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ìyá, àǹtí tàbí ọ̀rẹ́ tí ń se oúnjẹ tà nílé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ bá wọn ṣe irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ rántí nínú ẹ̀kọ́ yìí: fọ́ọ̀mù orí ìkànnì dúró nípò ẹnu alásè. Gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ ń bèèrè, fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀, ní ọ̀nà tí ẹni tí ń dáhùn kò fi ní ṣì í gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí alásè

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ jókòó ti alásè nígbà tí ó bá ń gba iṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ ka ìjíròrò yìí:

Oníbàárà: Ẹ káàsán, mà.

Alásè: Káàsán o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?

Oníbàárà: A dúpẹ́, mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa se oúnjẹ ọjọ́ ìbí bàbá wa.

Alásè: Ẹ kú ìnáwó o. Ọjọ́ wo ni?

Oníbàárà: Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mà.

Alásè: Ọjọ́ kejìlá, àbí ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e?

Oníbàárà: Ọjọ́ kejìlá, mà.

Alásè: Ẹ máa tó mélòó?

Oníbàárà: A tó nǹkan bí ọgbọ̀n.

Alásè: Ṣé ọgbọ̀n tí ẹ pè ni, àbí ọgbọ̀n tó máa wá?

Oníbàárà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ti ogójì, mà.

Alásè: Ṣé kò sí ẹni tí kì í jẹ edé tàbí ẹ̀pà nínú yín?

Oníbàárà: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, mà. Tó bá fi ẹnu kan ẹ̀pà, ọ̀fun rẹ̀ á wú.

Alásè: Háà! Ó dáa tí mo bèèrè.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Èkínní, alásè pe oníbàárà ní "ọmọ mi", síbẹ̀ ó ní "Ẹ máa tó mélòó?" Kì í ṣe ẹ̀yẹ ni "ẹ" yẹn, ọ̀pọ̀ ni, gbogbo ẹbí ni ó ń bá wí. Èkejì, ó bèèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bèèrè ọ̀rọ̀ iye ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà pé. Ẹ̀kẹta, oníbàárà kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà títí a fi bi í. Bí fọ́ọ̀mù yín kò bá bèèrè, kò ní sọ ọ́.

Ọjọ́: a máa ń ka òní mọ́ ọn

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà tiwa ti wá. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí a bá bí ọmọ ní ọjọ́ Àìkú, Àìkú ni ọ̀kan, Ajé ni èjì, Ìṣẹ́gun ni ẹ̀ta, Ọjọ́rú ni ẹ̀rin, Ọjọ́bọ̀ ni àrún, Ẹtì ni ẹ̀fà, Àbámẹ́ta ni èje, Àìkú tí ó tẹ̀lé e sì ni ẹ̀jọ. Nítorí náà, ọjọ́ kẹjọ máa ń bọ́ sí orúkọ ọjọ́ kan náà tí a bí ọmọ. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ọjọ́ kẹjọ fún gbogbo ọmọ.

Kì í ṣe ìkómọ nìkan ni a ń kà báyìí. Bí ọjà kan bá jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí wọ́n sì ná an lónìí tí ó jẹ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Ẹ kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Márùn-ún ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yóò fi kún Ajé kí ó tó dé Ẹtì. Ìjẹta náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé a ka òní, a ka àná, a sì ka ọjọ́ tí ó ṣáájú àná.

Kọ̀ǹpútà kì í ka òní. Bí ẹ bá ní kí ó fi ọjọ́ mẹ́jọ kún Àìkú, Ajé ni yóò fún yín. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣì, ìṣirò ìyá mi náà kò ṣì. Ìbéèrè ni kò dára.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bèèrè iye ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé kálẹ́ńdà síwájú oníbàárà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọjọ́ tí ó fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ìkànnì kọ orúkọ ọjọ́, ọjọ́ àti oṣù jáde ní kíkún. Ìdí kan tún wà tí a fi gbọ́dọ̀ kọ orúkọ oṣù. Ní Ìlú Ọba, 7/3 túmọ̀ sí ọjọ́ keje oṣù Kẹta. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹta oṣù Keje ni. Bí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá fẹ́ san owó oúnjẹ ìyá yín tí ó ń gbé ní Peckham, òǹkà lásán yóò ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ aago náà ní tirẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba máa ń yí i ní Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nígbà ooru, ọgbọọgba ni aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó. Nígbà òtútù, ti Èkó fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ kọ "aago Lọ́ńdọ̀nù" sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan àkókò, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ tún wo irú ìbéèrè tí ẹ ń bèèrè nípa aago. Ẹ má bèèrè ìgbà tí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí káàdì bá ní aago méjì, aago mẹ́rin ni àlejò yóò máa dé. Ẹ bèèrè pé: "Aago mélòó ni ẹ fẹ́ kí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ yín?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Ìlànà ìmọ́tótó oúnjẹ ní Ìlú Ọba ni pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe tutù ju ìwọ̀n 63°C lọ nígbà tí ó bá ń dúró de ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí méjì péré ni ó lè fi wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrẹsì tí ó dé ní aago méjì, tí a sì ṣí ní aago márùn-ún, lè dá inú rú.

Iye ènìyàn àti agbára ìdáná

Àwọn oníbàárà wa máa ń sọ pé, "Ẹ bá wa se kúlà méjì." Ṣùgbọ́n kúlà kékeré wà, kúlà ńlá náà wà. Iye ènìyàn ni kí fọ́ọ̀mù bèèrè, kí ìkànnì fúnra rẹ̀ ṣírò iye abọ́ tí yóò tó. Kí ìbéèrè náà jẹ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí alásè ṣe bèèrè rẹ̀: "Ènìyàn mélòó ni ẹ pè?" àti "Ènìyàn mélòó ni ẹ fẹ́ kí a se oúnjẹ fún?" Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni àwọn mo-gbọ́-mo-yà, àwọn tí a kò pè tí wọ́n sì wá. Inú ìnáwó Yorùbá, wọn kì í ṣàìwá, a kò sì ní tìtorí wọn ti ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀dọ̀ alásè, ohun mìíràn wà láti kà. Ilé ni ó ti ń dáná. Sítóòfù rẹ̀ lè ní ojú mẹ́rin péré, fíríìjì rẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, kì í ṣe iye oníbàárà ni kí ìkànnì fi ti ọjọ́ pa, iye abọ́ ni. Ká ní ọgọ́ta abọ́ ni agbára rẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹnì kan bá ti gba ogójì, kí kálẹ́ńdà fi hàn pé ogún ni ó kù. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọgbọ̀n, kí ìkànnì sọ fún un kí ó tó sanwó pé ọjọ́ yẹn kò gbà á mọ́, kí ó sì fi ọjọ́ tí àyè wà hàn án. Bí ènìyàn méjì bá ń kọ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí ìkànnì fi àyè pamọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi sanwó. Bí kò bá sanwó, kí àyè náà ṣí padà.

Ẹ fún alásè ní bọ́tìnì kan tí yóò fi ti ọjọ́ pa fúnra rẹ̀. Ó lè ní òde lọ́jọ́ náà. Ó lè rẹ̀ ẹ́.

Èèwọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ara kọ̀

Apá yìí ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí ẹ bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé "Kí ni èèwọ̀ yín?", ìdáhùn tí ẹ óò rí yóò jẹ́ ti ẹ̀sìn tàbí ti ìdílé. Ẹnì kan yóò ní ẹlẹ́dẹ̀, ẹlòmíràn yóò dárúkọ ẹran tí ìdílé wọn kì í jẹ. Ìyẹn ṣe pàtàkì, kí alásè sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀pà lè pa kò ní ka ẹ̀pà kún èèwọ̀. Bí ẹ bá sì kọ "Kí ni ẹ kì í jẹ?", ẹni tí kò fẹ́ràn ilá yóò kọ ilá, ẹni tí edé ń mú ọ̀fun rẹ̀ wú yóò sì kọ edé, alásè kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí:

1. Ǹjẹ́ oúnjẹ kan wà tí ẹ̀sìn tàbí ìdílé yín kò gbà yín láyè láti jẹ?

2. Ǹjẹ́ oúnjẹ kan wà tí ẹ kò fẹ́ràn?

3. Ǹjẹ́ oúnjẹ kan wà tí ara yín, tàbí ara ẹnikẹ́ni nínú àlejò yín, kọ̀, tí ó lè ṣe é ní jàǹbá?

Ní Ìlú Ọba, òfin dárúkọ ohun 14 tí olóúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Lára wọn ni ẹ̀pà, ẹyin, ẹja, mílíìkì, àlìkámà, ẹ̀wà sóyà, hóró sesame, àti edé pẹ̀lú akàn. Ìgbín náà wà nínú wọn. Bí oníbàárà bá ń rà láti orí ìkànnì tàbí fóònù, ó gbọ́dọ̀ lè mọ ohun wọ̀nyí kí ó tó parí ìrajà, kí ó sì tún mọ̀ wọ́n nígbà tí oúnjẹ bá dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ṣáájú ibi ìsanwó.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa Natasha Ednan-Laperouse, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 15 tí ó kú ní ọdún 2016 lẹ́yìn tí ó jẹ búrẹ́dì tí hóró sesame wà nínú rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sára ìwé tí a fi dì í. Òfin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo èròjà sára oúnjẹ tí wọ́n bá ti dì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á, kí àwọn ohun 14 náà sì hàn kedere láàárín wọn.

Oúnjẹ tiwa nílò ìṣọ́ra yìí gan-an, nítorí pé ohun púpọ̀ fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò kò ní edé nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n edé wà nínú ìkòkò. Yájì tí a fi ń jẹ sùyà sábà máa ń ní ẹ̀pà. Mọ́ínmọ́ín lè ní ẹyin àti ẹja nínú. Àwọn kan ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú. Ẹ jókòó ti alásè, kí ó ka ohun tí ó ń fi sínú ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín, títí dé ohun tí wọ́n kọ sára páálí Maggi. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ tí oníbàárà yóò ti kọ ohun mìíràn, nítorí pé ègúsí kò sí lára 14 náà, ara ẹlòmíràn sì lè kọ̀ ọ́.

Bí oníbàárà bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè kẹta, kí ìkànnì má ṣe gba owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó sọ pé alásè yóò pè é. Ẹnu dùn ju fọ́ọ̀mù lọ níbẹ̀ yẹn.

Owó àti ìwé ìdánilójú

Lórí ọ̀rọ̀ owó, kí ohun mẹ́ta hàn gedegbe: gbogbo iye owó, iye àsansílẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹni tí ó bá yí ọkàn padà kò ní rí àsansílẹ̀ rẹ̀ gbà mọ́. Àsansílẹ̀ ni alásè fi ń lọ sọ́jà. Lẹ́yìn tí ó bá ti ra ẹran, kò lè dá a padà fún alápatà. Kí nọ́ńbà fóònù náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ná ọjà, nítorí pé a kì í bá ìkànnì ná an.

Kí alásè pẹ̀lú ti ṣe tirẹ̀ kí ìkànnì tó ṣí. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí yóò se oúnjẹ tà nílé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wá wo ilé ìdáná rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní máàkì ìmọ́tótó láti 0 dé 5, ẹ gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Níkẹyìn, ìwé ìdánilójú. Lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti sanwó, kí ìkànnì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun àti alásè, ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn méjèèjì. Irú èyí ni mo fẹ́:

"Ẹ kú ìnáwó. A ó gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín fún ènìyàn 40 wá sí ilé yín ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ní aago kan ọ̀sán, aago Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyin àti ẹja wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹ ti san ìdajì owó. Bí èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá lónìí."

Ká ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ó sì kọ "ọjọ́ Ajé" gàdàgbà, ìyá mi ì bá ti pariwo kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Alásè náà ti tún ìkànnì rẹ̀ ṣe. Kálẹ́ńdà ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Òun ni ó sì se oúnjẹ ọjọ́ ìbí ọdún kan ọmọ wa. Ó dé ní ọjọ́ rẹ̀, ó gbóná, àwọn mo-gbọ́-mo-yà sì yó.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Wọ́n bí ọmọ kan ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹjọ? Ọjọ́ wo ni kọ̀ǹpútà yóò mú bí a bá ní kí ó fi 8 kún Ọjọ́bọ̀? Ẹ ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀.

2. Nínú ìjíròrò òkè, ẹ tọ́ka sí ibi tí "ẹ" ti jẹ́ ẹ̀yẹ àti ibi tí ó ti jẹ́ ọ̀pọ̀.

3. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èèwọ̀, ohun tí a kò fẹ́ràn, àti ohun tí ara kọ̀.

4. Ẹ pe ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ó mọ oúnjẹ sè. Ẹ bèèrè gbogbo èròjà ọbẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì sàmì sí èyí tí ó wà lára àwọn tí a dárúkọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

5. Ẹ kọ ìwé ìdánilójú fún oúnjẹ ìsìnkú bàbá àgbà kan. Ṣé "Ẹ kú ìnáwó" ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, àbí "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè"? Kí ni ìdí rẹ̀?